Ìran Awọ́nríwọ́n Tó Ń Buni Jẹ

Eyín awọ́nríwọ́n náà wọ àtàǹpàkò Yàhàyá títí ó fi kan egungun. Yàhàyá fi orúnkún tẹ ẹ́ lọ́rùn, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹranko náà kò tú u sílẹ̀. Ìrù rẹ̀ ń nà án lẹ́sẹ̀ bíi kòbókò. Ìgbà tí ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ya ẹnu rẹ̀ ni ó tó bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó yí i padà. Àpá ìjà kún ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Shege!" ni ó fi èdè Hausa bú u.

Òyìnbó tó ń ra awọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1936 yẹn kì í gba èyí tó lápá. Bàtà àwọn obìnrin ìlú wọn ni wọ́n ń fi í ṣe. Yàhàyá ju oníjà náà sínú koríko tó lọ sí ọ̀nà Noman's Land, lẹ́yìn Sabon Gari wọn, bí ó ti máa ń ṣe, ó sì padà sídìí àwọn awọ́nríwọ́n jẹ́jẹ́ tó kù. Ó pa mọ́kànlá. Kùmọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti tó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn Hausa tó ń dẹ wọn wá tilẹ̀ ń pe irú èyí tó jẹ́jẹ́ ní sarkin haƙuri, ọba sùúrù. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ àwọn onísùúrù ló kún ojú okùn ní àgbàlá Yàhàyá.

Rahinat, ìyàwó rẹ̀, gbé omi gbígbóná oníyọ̀ wá fún egbò náà. Ó wo koríko tí oníjà gbà lọ.

"Haba, Bàbá Bushrat! Adìẹ mi tó bá ń jẹ ẹyin, ọbẹ̀ ni mo fi ń ṣe, n kì í jẹ́ kó sàba. Ẹ̀yin ń pa onísùúrù, ẹ ń dá onínúfùfù sí kó máa bí sí i. Kí lẹ rò pé ọmọ ọmọ wọn máa dà?"

Yàhàyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ó rí i lójú inú. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran, Sabon Gari ti di òkìtì, ojú irin ti jẹrà, ọmọ ọmọ oníjà sì ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ó ga ju ràkúnmí lọ. Ó gbá ọkùnrin kan mọ́lẹ̀. Ó fi orúnkún tẹ ọrùn rẹ̀, ó bó o láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, ó wá yí awọ náà wò bóyá ó lápá. Yàhàyá ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ omi oníyọ̀ náà.

Ọkùnrin kan kágò lẹ́nu ọ̀nà. Rahinat lọ wò ó, ó padà wá.

"Bàbá Ṣàràfá."

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ṣàràfá ni àkọ́bí wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n kọ ilà ojú fún un ni ó kú, ojú rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ há. Gbogbo àdúgbò ló ti yìn ín pé abẹ ń kọ ọ́, kò ké.

"Bàbá Jímọ́ọ̀ olóòlà ti dé," ni Rahinat wí. Kò gbójú sókè. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá di orí Bushrat mú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá Yàhàyá ti ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́: ọmọ tí kò nílà, bí ó bá sọnù sí ilẹ̀ Hausa, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀rù ń ba Yàhàyá gidigidi, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ hẹ̀n-ẹ́n.

Ọmọbìnrin ọdún kan ààbọ̀ ni Bushrat. Baba rẹ̀ gbé e sáàárín itan, ó fi orúnkún há a. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń dì mú. Ó ti ṣe mọ́kànlá láàárọ̀. Abẹ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kán.

Bushrat yí orí gbì, ó sì gé àtàǹpàkò baba rẹ̀ jẹ, lójú egbò gan-an. Eyín mẹ́jọ péré, kò sì tú u sílẹ̀.

"Gbá a lẹ́nu!" Bàbá Jímọ́ọ̀ pariwo. "Yàhàyá, dì í mú dáadáa!"

Yàhàyá wo ojú ọmọ náà. Kò sí sùúrù kankan níbẹ̀. Ó ṣí orúnkún. Bushrat já bọ́, ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ bá ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀ lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó abẹ yín," ni Yàhàyá wí. "Ẹ dá a sí."

Rahinat bú sẹ́kún. Yàhàyá jókòó síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ ń kán tó, tó, sórí iyanrìn. Nínú koríko lọ́hùn-ún, nǹkan kan mì. Ó tún rí ẹranko gíga náà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí obìnrin kan dúró dè é lójú ọ̀nà, àpá kékeré kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ti ṣí eyín sílẹ̀.