Sàráà Ìyá Ashraf

Kí Ashraf tó jí ní Mowe lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ìyá rẹ̀ ti ń dín mósà. Sàráà ọpẹ́ ni. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí òkun gbé ọmọ òun, pé ọmọ òun tún yọ ẹlòmíràn nínú ikú. Irọ́ ni apá kejì yẹn, Ashraf nìkan ló sì mọ̀ nínú ilé náà.

Òun àti Yaqub, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ti jọ wa yanrìn nísàlẹ̀ odò ní Ibafo rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ti ń di èémí mú lábẹ́ omi, tí àwọn olùwádìí kan fi gbà wọ́n, pé kí wọ́n máa bá àwọn wọ ihò àpáta tó wà lábẹ́ òkun ní erékùṣù kan tó jìnnà, kí wọ́n máa ya fọ́tò ohun abẹ̀mí inú rẹ̀.

Ẹni tí kò débẹ̀ rí lè rò pé òkùnkùn lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lẹ́nu ọ̀nà, kànìnkànìn òkun bo ògiri, òmíràn pupa, òmíràn bí ọsàn tó pọ́n. Béèyàn bá ṣe ń wọlé sí i ni àwọ̀ ń tán, títí yóò fi ku edé funfun tó ń fi irun ẹnu gígùn táálẹ̀ kiri. Nínú lọ́hùn-ún, ẹja kan wà tí kò lójú. Awọ ló bo ibi tó yẹ kí ojú wà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára okùn tí wọ́n ta láti ẹnu ihò. Ashraf rí ẹja aláìlójú náà, ó fẹ́ yà á dáadáa, ló bá fi okùn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ru ẹrẹ̀ sókè, omi wá rí bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Afẹ́fẹ́ inú àgbá tó gbé sẹ́yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí Yaqub tó wá a kàn, tó fi rọ́bà afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sí i lẹ́nu. Wọ́n jọ ń mí in títí wọ́n fi rí ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni okùn ti há mọ́ Yaqub lẹ́sẹ̀. Ashraf rí i kedere, ó sì sá jáde.

Yaqub já ara rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí òsì rẹ̀, etí náà kò sì gbọ́ nǹkan mọ́. Kò bá Ashraf jà. Ìyẹn gan-an ló dun Ashraf jù.

Nígbà tí ìyá Ashraf gbọ́ pé ewu wu wọ́n, ó pè é lórí fóònù, ó ní ó dá òun lójú pé Ashraf ló yọ Yaqub. Ashraf kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dákẹ́ ni, ìyá rẹ̀ sì gbé ìdákẹ́jẹ́ náà káàkiri dé Asese.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ààfáà Mùtíù wá ṣàdúrà nílé wọn. Ìyá Ashraf ń gbé fóònù kiri, ó ń fi fọ́tò ẹja aláìlójú náà han àlejò. Ó ní ẹni tó ń bọ́ ẹja tí kò lójú kò ní gbàgbé àwọn. Wọ́n ṣe àmín. Ìgbà náà ni Yaqub wọlé. Ojú ti Ashraf débi pé kò lè kí i dáadáa.

"Yaqub," ni ìyá wí, "mo mọ̀ pé o ju Ashraf lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kì í ṣe nǹkan kékeré. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú wa."

Yaqub wo Ashraf. Ashraf ń wolẹ̀. Yaqub ṣí fìlà, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i, kó lè bo àṣírí onítọ̀hún.

Ashraf di apá rẹ̀ mú. "Màámi, èmi ni wọ́n yọ. Èmi ni mo sá fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ gbé àwo mósà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lápá òsì Yaqub, ó dorí kodò, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ashraf fẹ́ gbé e dìde, ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Yaqub sáré fà á sókè, ó wá bi Ashraf pé kí ni Màmá ń sọ.

Ashraf lọ sí apá etí ọ̀tún Yaqub, èyí tó ṣì ń gbọ́.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ mú ọmọ wọn wálé," ló wí. "Wọ́n ní kí ẹ má bínú pé irú èyí ni wọ́n bí."