Ṣòkòtò Tó Ń Parọ́ fún Eegun-Ẹja

Eegun-Ẹja ni gbogbo ilé-iṣẹ́ òróró ń pe ọkùnrin náà, orúkọ yẹn sì bá a mu nígbà kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ táńkì fífọ̀, bó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ oòrùn, òjìji rẹ̀ kì í hàn. Ihò orí táńkì tí ológbò ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀, á yọ́ gba ibẹ̀ bí omi, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ìyẹn ti pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Eegun-Ẹja há. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà nínú táńkì, orí àti àyà wà níta nínú oòrùn, ikùn sì dí ẹnu ihò pa. Ọkùnrin mẹ́rin fà á, wọ́n da òróró yí i ká, wọ́n tún fà á, gbogbo táńkì ń dún gbì-gbì bí ẹni pé ààrá ń rọbí nínú rẹ̀.

Fọ́máànù wá dúró lé e lórí. Ọmọ àná ni. Eegun-Ẹja ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí síta díẹ̀," ni fọ́máànù wí. "Èèyàn la ní kó wọlé, a ò mọ̀ pé ìdérí la rán."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìbínú ru láti àtẹ́lẹsẹ̀ tó wà nínú táńkì dé orí tó wà níta.

"Irin yìí ló súnkì!" ni Eegun-Ẹja ké. "Ṣòkòtò tí mo wọ̀ yìí, ọdún kẹwàá rèé, ó ṣì ń wọ̀ mí géérégé!"

"Ẹ lọ sinmi nílé. Ọjọ́ Ẹtì la ó fọ táńkì ńlá. Ẹni tí kò bá lè wọ̀ ọ́, màá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri tí a kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí."

Nígbà tó já jáde níkẹyìn, ìdí ṣòkòtò ya fàà. Ó fi àpò bò ó, ó gbọ̀nà ilé.

Ẹ má rò pé Eegun-Ẹja ò mọ̀ pé òun ń jẹ àjẹkì. Ó mọ̀. Bí wọ́n bá ti bí i nínú, ẹnu rẹ̀ á pa mọ́ ọ̀rọ̀, á là sí oúnjẹ. Á jẹ odidi búrẹ́dì kan, á fi ẹ̀pà lé e, á fi ìrẹsì tì í lẹ́yìn kó má baà padà. Ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á wọ ṣòkòtò iṣẹ́. Bí bọ́tìnì bá ti kọ́, á gbá ikùn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, á ní, "Kò sí nǹkan tó yí padà," á sì lọ fi ẹyin mẹ́fà ṣe àjọyọ̀. Ṣòkòtò ni adájọ́ rẹ̀. Adájọ́ yẹn ò sì dá a lẹ́bi rí.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ ní pálọ̀, téépù lọ́rùn, nígbà tó wọlé. Eegun-Ẹja ò kí i. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀ pé kó rán ìdí rẹ̀, ó ń lọ sí kíṣìnì tààrà nígbà tí ojú rẹ̀ kan ibi tó ya. Aṣọ tó yọjú níbẹ̀ kì í ṣe kàkí. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó pupa ni.

Ó padà. "Kí lèyí?"

"Aṣọ ni." Obìnrin náà ò gbójú sókè.

"Aṣọ ta ni?"

"Ìró mi."

"Ìró wo?"

"Èyí tí mo ní afẹ́fẹ́ gbé lórí okùn lọ́dún tó kọjá. Ìdí yín ló gbé e."

Eegun-Ẹja já ṣòkòtò gbà, ó yí i sódì. Ha! Ojú rírán inú rẹ̀ pọ̀ ju òpópónà ìlú ńlá lọ. Wọ́n tú èyí, wọ́n rán an síwájú. Wọ́n tú ìyẹn, wọ́n tì í sẹ́yìn. Nígbà tí kàkí tán, wọ́n fi ìró kún ìdí àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n wá fi etí kàkí bò ó kó má hàn níta. Ṣòkòtò tó ti ń fi búra láti ọjọ́ yìí, òpùrọ́ ni!

"O fẹ́ pa mí!" Ariwo rẹ̀ mi fèrèsé. "Láti ọdún tó kọjá lo ti ń tàn mí jẹ nínú ilé mi!"

Ìyàwó dìde. Kò ga dé èjìká ọkọ, ṣùgbọ́n ìbínú tirẹ̀ kan àjà.

"Bàbá ilé, ẹ má pariwo mọ́ mi o. Ẹ wo ojú rírán àkọ́kọ́ yìí. Ọdún méjì sẹ́yìn ni, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ jẹ fọ́máànù lé yín lórí. Ẹ wálé, ẹ ò sọ̀rọ̀, ẹ jẹ ìrẹsì tán, díẹ̀ ló kù kí ẹ jẹ ìkòkò. Lọ́jọ́ Ajé, bọ́tìnì ò kọ́. Ẹ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń sunkún, ẹ sì ń jẹ búrẹ́dì lórí ẹkún. Mo ní kí n tú u díẹ̀, kí ẹkún lè dá. Nígbà tó kọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ ní ẹ ti rù láàárín ọjọ́ kan! Èyí ni ti ìgbà tí ìyá yín kú. Èyí, ọjọ́ tí fọ́máànù pè yín ní àgbá. Mo ṣàṣìṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo ń fi búrẹ́dì dí yín lẹ́nu? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ sọ fún fọ́máànù lẹ ń jẹ!"

Eegun-Ẹja fi ṣòkòtò há abíyá. Ó já wọ kíṣìnì, ó ṣí ìkòkò ìrẹsì, ó bu ṣíbí kan tó ga bí òkè. Ikùn rẹ̀ kígbe, ajá ojúlé kẹta dáhùn. Ó ń retí kí obìnrin náà sáré wá gba ṣíbí. Kò gbà á. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ ẹ́," ó wí. "Òwú wà nílẹ̀. Ìró kan ṣì kù fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á ju gbogbo ẹ̀rín ẹnu táńkì lọ. Ó gbé ṣíbí dé ètè, ẹnu kọ̀, ó tì gbọin bí ìlẹ̀kùn báńkì lọ́jọ́ Àìkú. Ó da ìrẹsì padà, ó fi ṣíbí na tábìlì, ṣíbí ká bí ìwọ̀. Ó fi pínnì há ibi tó ya lára ṣòkòtò, ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ síta, gbogbo ojú rírán àti òdòdó pupa hàn gedegbe, ó gba ilé-iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀rín tún sọ níbẹ̀ bí iná inú koríko gbígbẹ.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ó wí. "Ìwọ fọ́máànù, sún mọ́ mi. Wo ojú rírán yìí: ìwọ nìyẹn. Èyí náà: ìwọ ni. Ọdún méjì ni mo ti ń fi ọ́ jẹ búrẹ́dì, ìwọ ò tán, èmi ni mò ń pọ̀ sí i! Mo kọ́ ọ níṣẹ́, o wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayé. Kò dáa! Mi ò lè wọ táńkì lọ́jọ́ Ẹtì. Mo purọ́ mọ́ irin, irin ò súnkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ta ni yóò di okùn rẹ̀ mú lókè? Ta ló máa gbóòórùn afẹ́fẹ́ burúkú kó tó pa á? Bí o bá fẹ́ pa orúkọ mi rẹ́, pa á rẹ́ kí n máa wò ọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Fọ́máànù gbé ojú kúrò lára ṣòkòtò. Ó wo orúkọ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri.

"Okùn, ẹ̀gbọ́n," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ di okùn mú. Oṣù mẹ́ta ni mo fún yín. Bí ẹ ò bá wá lè wọlé, kò sí ohun tí mo lè ṣe."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá tún pè mí ní ìdérí, inú ihò yẹn ni màá sọ ọ́ sí, màá sì jókòó lé e."

Ó délé, inú ṣì ń bí i. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó lọ́wọ́. "So ó mọ́ téépù ọrùn rẹ. Bí mo bá wá bèèrè rẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àkókò oúnjẹ, má fún mi. Bi mí pé ta ló bí mi nínú. O ò sì gbọdọ̀ tú ṣòkòtò mi mọ́ láyé!"

"Mo ti gbọ́."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá."

"Ta ló bí yín nínú?"

"Ìwọ ni! Ìwọ àti òwú rẹ àti ìró rẹ!"

Ìyàwó fi ẹsẹ̀ ti àga sí i. "Ó dáa. Ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́."

Eegun-Ẹja jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó pariwo débi pé ará ojúlé kejì pa fèrèsé rẹ̀ dé, kò sì tíì dé ìdajì.