Wàakyé Mísbáù

Ọ̀la ni eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin tí gbogbo Ákírà ń retí. Fàtáì ń so okùn bàtà rẹ̀ wò nílé ní Kotobabi nígbà tí Mísbáù, tí kò kí i mọ́ láti ìgbà tí Fàtáì ti yà á sílẹ̀ nínú eré èṣí, gbé abọ́ wàakyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, wọlé.

"Alájì, jẹun o. Ebi kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ sáré."

Ara fu Fàtáì. Ṣé kí inú lè máa run òun lójú ọ̀nà lọ́la ni?

"Ìwọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Mísbáù bu ṣíbí kan.

"Bù ú láti ìsàlẹ̀. Ẹyin yẹn ńkọ́? Ẹja yẹn ńkọ́?"

Kí ọkàn Fàtáì tó balẹ̀, abọ́ ti mọ́ tónítóní.

Mísbáù nu ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ti yó ní tèmi. Ó dàárọ̀ o, Alájì."

Fàtáì febi sùn. "Mo mọ̀," ó ní, "ohun tó torí ẹ̀ wá gan-an nìyẹn."