N Kò Sọ Aṣọ Ìkélé Kalẹ̀

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2019, Àṣàkẹ́ ìyàwó mi kú. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, lórí ìtàgé gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ òṣèré wa ti máa ń ṣeré. Èmi di okùn aṣọ ìkélé mú, nítorí iṣẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ nìyẹn.

Gbọ̀ngàn náà kún. Gbogbo ẹni tí Àṣàkẹ́ ti ṣe rí nínú eré ló jókòó síbẹ̀: olorì, olè, nọ́ọ̀sì, àti sójà onírùngbọ̀n tó ṣe lọ́dún tí ọkùnrin tó yẹ kó ṣe é sá lọ. Ojú rẹ̀ ni gbogbo wọn ní. Olè ń jẹ ẹ̀pà.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá kú lórí ìtàgé gbọ́dọ̀ dìde, kó kí àwọn òǹwòran, kí aṣọ ìkélé tó wálẹ̀. Bí aṣọ bá wálẹ̀ kó tó dìde, ó kú nìyẹn. Àṣàkẹ́ kò tíì dìde.

Ọkùnrin kan jáde láti inú ògiri, ó gbé kámẹ́rà lé èjìká. Ó ní òun ni olùdarí. Omi ń ṣàn jáde nínú bàtà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ aṣọ yẹn kalẹ̀. Ó ti parí."

"Kò tíì kí wọn."

"Sinimá lèyí. Òkú inú sinimá kì í kí èèyàn."

"Orí ìtàgé ni mo ti fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni sinimá wá bá a."

Gbọ̀ngàn náà di ilé ìdáná wa. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná, àwọn òǹwòran kò sì kúrò lórí ìjókòó wọn. Okùn náà wúwo sí i. Okùn náà ní, "Alàgbà, ọwọ́ yín ti bó. Ẹ fi mí sílẹ̀." Mo ní kó panu mọ́.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni olè wí fún olùdarí. "Alágídí ni Bàbá yìí. Wúrà olorì tí mo jí nínú eré, wọ́n ní dandan, kí n dá a padà!"

"Wọn ò sì jẹ̀bi," ni olorì wí.

Sójà dìde. Ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó sì di okùn mú. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, olorì náà dé. Olè nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó wá. Olùdarí fò mọ́ aṣọ náà, ó ń fà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá. Kámẹ́rà rẹ̀ bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn wo ìtàgé, Àṣàkẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò rí i nígbà tó dìde. N kò tú okùn náà sílẹ̀.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: awò ojú tí kò ní gíláàsì, ìgò omi pupa tó máa ń fi ṣe ẹ̀jẹ̀, ó ku ìdajì, òòyà kan, àtẹ́wọ́ tí n kò rí ẹni tó ń pa á, àti ibi tó sùn sí lórí ẹní, tó ṣì gbóná.