Ojú Ìwé Tí Kò Wọ Fóònù

"Aránṣọ ni yóò wá yẹ iṣẹ́ tèmi wò?"

Atẹ̀wé kò sọ ọ́ sínú. Ó sọ ọ́ kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́, ó sì yínmú sí obìnrin tó jókòó tì í. Ogún ọdún ló ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, lójú tirẹ̀, òpè ni gbogbo àwọn yòókù. Àmọ́ òfin tíṣà kò yọ ẹnì kan sílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ju ojú ìwé ayélujára kan lọ, tí yóò máa bá ojú ẹ̀rọ mu, ì báà ṣe kọ̀ǹpútà, ì báà ṣe fóònù. Òní ni wọn yóò gbà á. Ọ̀gá rẹ̀ nílé ìtẹ̀wé sì ti là á mọ́lẹ̀: bí kò bá yege, kó má wulẹ̀ padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Awakọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ti kọ "Ó rẹwà, ọ̀gá mi" láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Atẹ̀wé ń pè ní ọlọ́gbọ́n.

Aránṣọ ṣí iṣẹ́ náà lórí fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán.

"Bùọ̀dá, kò wọlé tán. Ìdajì rẹ̀ wà níta."

"Fóònù yín ni kò dáa. Ẹ lọ ra òmíràn."

"Ẹ ṣí i lórí tiyín náà."

Atẹ̀wé fa tirẹ̀ yọ, fóònù olówó ńlá, ó ń fi gbogbo ara ṣe fáàrí. Orúkọ ilé ìtẹ̀wé gé sí méjì. Bọ́tìnnì tí oníbàárà yóò tẹ̀ láti fi pè wọ́n kò sí níbì kankan.

"Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ bíi bébà kàlẹ́ńdà," obìnrin náà ní. "Bébà kì í súnkì. Ṣé mo lè gé aṣọ kan ṣoṣo, kí n ní kí ìyá àti ọmọ jọ máa wọ̀ ọ́?"

Awakọ̀ oníyìn bú sẹ́rìn-ín. Atẹ̀wé tẹ́ pátápátá. Ogún ọdún, kò sì ronú kan fóònù tó wà lápò ara rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n òun ti fi ẹnu ara rẹ̀ lé ọgbọ́n náà lọ.

"Àkókò ti tó, ẹ máa kó o wá," tíṣà ké.

Aránṣọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń jẹun wà lórí rẹ̀. Ṣé kí n kàn kọ 'ó dára'?"

Àánú yẹn dùn ún ju ẹ̀rín lọ.

"Rárá, mà. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí."

Aránṣọ kọ ọ́ sínú ìwé: kò wọ fóònù. Atẹ̀wé gba ìwé náà, ó kà á, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún tíṣà.