Ẹni Tó Ń Nàka sí Ògiri Wa

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n tì mí ṣe é ni. Èmi ni mo bu epo gbígbóná dà sójú Bàbá Adéríbigbé. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí náà ni, èyí tí mo fi ń jẹun. Mò ń rò ó kí ẹ lè mọ bó ṣe jẹ́ ni, kì í ṣe kí ẹ lè bá mi káàánú.

Lọ́dún 1978, àkàrà ni mò ń dín ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa. Èéyi ti pa ọmọ méjì mọ́ mi lọ́wọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Olúbùsọ́lá àti àbúrò rẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Yínká nìkan ló kù, ọmọ ọdún méje, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń dá mi lóhùn. Bí ọmọ yẹn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, oorun mi ti dá.

Ní oṣù Kẹsàn-án, tí òjò ń parí lọ, bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní òdìkejì títì láàárọ̀. Ó wọ kóòtù réluwé tó ti ṣá, ó mú ìwé kékeré dání. Ògiri wa ló ń nàka sí. Orí ògiri yẹn sì ni àwọn ọmọ agboolé máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń retí àkàrà. Á nàka, ẹnu rẹ̀ á máa mì, á wá kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá mi ò kà wá rí títí ó fi kú. Bí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Kí wá ni àjèjì fẹ́ fi iye ọmọ wa ṣe? Ìyá Bushrat, tí a jọ ń gbé, ní kí n fi í sílẹ̀, pé orí rẹ̀ ló dàrú. Mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Yínká jí, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Mo ní kó jókòó tì mí, ó sá lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ògiri. Mo gbójú sókè, mo rí ìka bàbá yẹn tó nà gbọọrọ sí ọmọ mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.”

Àwọn ọmọ orí ògiri ò tó mẹ́wàá. Ta ni mo rò pé ó bí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sí agboolé wa? Ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Mo fi ìgbákọ bu epo tó ń hó, mo sá sọdá títì.

“Ọmọ ta lò ń kà? Ọmọ ta lo tún fẹ́ pa?”

Ó yíjú sí mi, ó fẹ́ kí mi. Mo da epo náà sí i lójú. Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn rí lẹ́nu ọkùnrin. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó, ó ṣubú. Rájí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ò bèèrè nǹkan kan. Ó gbọ́ pé bàbá náà ń ka ọmọ, ó gbé sípánà, ó là á mọ́ ọn ní ìhà, mo sì gbọ́ bí eegun ṣe kán. Àwọn kan tẹ ọwọ́ tó fi ń nàka mọ́lẹ̀, wọ́n fi òkúta fọ́ ọ. Èmi náà gbá a nípàá. Ó dùn mọ́ mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà.

Yínká sáré wá di ìró mi mú. “Mama, tsuntsaye ne! Tsuntsaye yake ƙirgawa!”

Ẹyẹ ni. Ẹyẹ ló ń kà. Mo gbójú sókè. Lórí wáyà iná tó gba òkè ògiri wa kọjá, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ. Ariwo wa dé ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ba ki tambaye ni ba,” ni ọmọ mi wí. Òótọ́ ni. Mi ò bi í.

Ibà lásán ló ń ṣe é. Ara rẹ̀ yá kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọ̀kan nínú ojú Bàbá Adéríbigbé fọ́ pátápátá, òjìji nìkan ni èkejì ń rí. Láti ọdún 1961 ló ti ń ka àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń ti òkè òkun la aṣálẹ̀ kọjá wá, iye ọdọọdún nínú ìwé kékeré yẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù, mo ní kó fà mí fún ọlọ́pàá.

“Tí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, ta ló máa ka àwọn ẹyẹ náà?” ló wí. “Wọn ò tíì dé tán.” Ó fi ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì ti ìwé náà sí mi. “Ibi tí mò ń dúró sí ni kí o dúró sí. Kà á sókè, kí o má baà ṣì í.”

Kò ní òun dárí jì mí. Mi ò sì ní kó dárí jì mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé epo kaná, mo sọdá títì. Àwọn ẹyẹ ti padà sórí wáyà. Àwọn ọmọ wà lábẹ́ wọn, Yínká láàárín wọn. Mo na ìka mi. “Ení, èjì, ẹ̀ta...”

Mo ti dé mọ́kànlélógún nígbà tí Ìyá Bushrat jáde. Ó wò mí, ó wo ibi tí mo nàka sí, ó sì sáré fa Bushrat sọ̀kalẹ̀ lórí ògiri. Ó mọ̀ pé ẹyẹ ni. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ pé ẹyẹ ni. Síbẹ̀ ó lọ dúró ti agbada mi tó ń hó, ó di ìgbákọ mú, kò gbójú kúrò lára mi.

“Méjìlélógún,” ni mo wí, mo sì ń kà lọ.