Ohun Tí Mo Sọ Sétí Nandi

Gajanan, àbúrò ọkọ mi, ló kó koríko wá síwájú ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án tí ọmọ mi ti wà lójú òkun. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í: orí, apá, ẹsẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń dì. Pundalik ni, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

"Gajanan, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ìyá Pundalik, ẹ má bínú. Gbogbo ọkọ̀ apẹja ló ti padà, tiẹ̀ nìkan ni kò dé. Ẹ jẹ́ ká sun ère yìí dípò òkú ẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní, kí ọkàn ẹ̀ lè ríbi sinmi."

"Ta ló rí òkú ẹ̀? Ìwọ ni?"

"Ẹ ṣáà gba kámú," ni Sonabai ìyàwó rẹ̀ sọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Sonabai, ọmọ tìẹ ń jẹ ìrẹsì nínú ilé báyìí. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Inú ń bí mi, àyà sì ń já mi. Tí wọ́n bá ti sun ère yẹn, ó ti kú nìyẹn. Wọ́n á fọ́ ẹ̀gbà aláwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ Manjula ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún opó, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò sì ní lè fẹsẹ̀ kan ilé Ṣiva òrìṣà wa fún ọjọ́ mẹ́tàlá tá a fi ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, kí ni mo fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún? Àárọ̀ yìí nìkan ló kù mí kù. Orí àpáta inú òkun ni ilé Ṣiva wa wà. Ìgbà tí omi bá fà nìkan là ń fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, omi náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó!" ni mo pè. "Gbé wàrà, kó o já ewé bẹ́ẹ̀lì."

"Mo ti já a láti ìdájí, Ìyá."

Oṣù méje péré ni Manjula tíì lò nílé wa. A jọ ń rìn lọ nínú ẹrẹ̀, ó gbé ìkòkò wàrà mọ́ àyà.

"Ìyá, ṣé ẹ rò pé Ṣiva á gbọ́?"

"Á gbọ́. Ọkọ ẹ náà ńkọ́, o ò mọ bó ṣe máa ń sùn ni? Ó lè ti sùn kí afẹ́fẹ́ gbé e dé ìlú Goa. Tó bá dé, màá kọ́kọ́ gbá a létí ná."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn.

Bhikoba, baba tó ń tọ́jú ojúbọ, ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tá a dé. "Ẹ ṣe kíá o, Ìyá! Omi ti ń padà bọ̀." A da wàrà sórí òkúta Ṣiva, a kó ewé lé e, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká. Wàrà àti omi tó bá ṣàn lára Ṣiva máa ń gba ojú àgbàrá kékeré kan jáde lápá òsì. Kò sẹ́ni tó ń ré e kọjá, èèwọ̀ ni. Téèyàn bá dé bẹ̀, á yí padà, á tún gba ibi tó gbà wá. Ọmọdé wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òkun tó ń bọ̀ ni Manjula ń wò, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ré e kọjá.

"Háà!" ni Bhikoba ké.

Èmi tó yẹ kí n ṣàánú rẹ̀, ṣe ni mo bú u. "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Àbí o fẹ́ pa á mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá ku Nandi, akọ màlúù olókùúta tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà Ṣiva. Ohun téèyàn bá sọ sí i létí ló máa ń gbé wọlé fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan là ń sọ ọ́, a ó sì fọwọ́ dí etí kejì. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: jẹ́ kí Pundalik padà wálé láàyè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹnu kan etí tútù yẹn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Bó jẹ́ òkú ẹ̀ náà ni, jẹ́ kí n ṣáà rí i."

Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ ọ́. Mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ omi ti kan gìgísẹ̀ mi, Bhikoba sì ti ń fà mí lápá. Mo ti ń bú Gajanan látàárọ̀ pé ó ń di koríko. Èmi ti di ère tèmi tán nínú ikùn mi, mi ò kàn mọ̀ ni.

Omi ti dé orúnkún wa nígbà tá à ń padà.

"Ìyá, ṣé ẹ sọ ọ́ fún un?"

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ẹ bá mi tọrọ àforíjì? Nítorí ẹsẹ̀ mi."

Mo ṣe bí ẹni pé ariwo omi ò jẹ́ kí n gbọ́.

Àwọn èèyàn ti pọ̀ létí òkun. Gajanan wọ inú omi wá pàdé wa tòun taṣọ.

"Ìyá Pundalik, wọ́n ti rí i. Àwọ̀n àwọn ará abúlé kejì ló gbé e. Okùn dúdú tẹ́ ẹ so mọ́ ọn nídìí la fi dá a mọ̀."

Manjula ò sunkún. Ó jókòó sínú omi, ó sì ń fi ìkúùkù lu ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí ni! Ẹsẹ̀ yìí ló pa á! Mo ré ojú àgbàrá Ṣiva kọjá!"

"O ré kí ni kọjá?" ni Sonabai bi í. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo wọn sì ń wo ẹsẹ̀ yẹn. Mo mọ àwọn èèyàn wa. Tó bá di ìyá arúgbó pàápàá, ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n á fi máa pè é.

Òmùgọ̀ pàápàá mọ̀ pé ẹni tí òkun gbé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ò kú láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi lásìkò yẹn? Mo sì lè dákẹ́. Èmi àti Nandi nìkan la gbọ́ ohun tí mo sọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó wá sí mi lọ́kàn.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo di èjìká rẹ̀ mú, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ìyàwó, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ. Ẹnu mi ni. Òkú ni mo bèèrè."

"Ẹ bèèrè kí ni?"

"Òkú ẹ̀. Mo sọ fún Nandi pé kí n ṣáà rí i. Ohun tí mo bèèrè nìyẹn, òun náà ni wọ́n fún mi."

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìka mi kúrò léjìká rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì ń dún. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ yẹn rìn lọ síbi tí wọ́n tẹ́ ọkọ rẹ̀ sí. Àwọn èèyàn yà fún un. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, èmi ni wọ́n ń wò.